Ihò Márùn-ún Lára Ikùn Mi

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ìdí ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti máa wò ó pé kí ni ààfáà tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú ń wá nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú ìwé ìròyìn tí tọmọdé tàgbà ń kà. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Irú èrò yẹn gan-an ni ó jẹ́ kí n pa àìsàn mi mọ́ fún oṣù méje gbáko, ó sì kù díẹ̀ kí ó gbé mi lọ sí ibi tí ó gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ bàbá mi, ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Ní nǹkan bí ọdún 2012 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò mọ orúkọ tí à ń pe ìyẹn? Jẹ̀díjẹ̀dí ni. A ní ohun dídùn tó ń jẹ ló pọ̀ jù. Àgbo jẹ̀dí ni ó ń mu láàárọ̀, òun náà ni ó ń mu lálẹ́. Nígbà tí ìgbẹ́ rẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, a ní àgbo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó ń rù, a ní wàhálà ọmọ ni. Nígbà tí ìgbẹ́ kò jáde mọ́ rárá, tí ikùn rẹ̀ wú bí ìlù, ìgbà náà ni a tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n là á níkùn láti òkè ìdodo títí dé ìsàlẹ̀ abẹ́ inú. Wọ́n bá kókó ńlá kan níbi tí ìfun ńlá ti parí, lókè ihò ìdí. Ó ti lẹ̀ mọ́ egungun, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Wọn kò lè yọ ọ́. Wọ́n fa ìfun jáde sí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, wọ́n sì fi àpò bò ó kí ìgbẹ́ lè máa gba ibẹ̀ jáde.

Ohun tí ó dùn mí jù kì í ṣe ojú abẹ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kẹ̀, tí ó sì pẹ́ kí ó tó jiná. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi àpò yẹn kọ́ ọ lára ni ẹ̀gbọ́n mi kò ti dé mọ́sálásí mọ́. Bí mo bá ní kí a jọ lọ kí ìrun Jímọ̀, yóò ní, "Àbúrò mi, ta ni yóò dúró ní sàfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó gbé ìgbẹ́ kọ́ra?" Nígbà tó yá, kò kírun nínú ilé pàápàá mọ́. Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ àlùwàlá àti ìmọ́tótó fún bí ogún ọdún nígbà náà, n kò la ẹnu sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Ojú ń tì mí láti dárúkọ àpò náà níwájú rẹ̀. Ó kú ní ọdún 2014. Èmi ni mo wẹ òkú rẹ̀, ọwọ́ mi yìí náà ni ó sì yọ àpò náà kúrò lára rẹ̀. Kí Ọlọ́hun forí jì í, kí Ó sì forí ji èmi náà.

Ẹnikẹ́ni yóò rò pé ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí èyí kò ní ṣe irú rẹ̀. Mo ṣe é.

Ní oṣù Ràmàdáánì ọdún 2021, lẹ́yìn sààrì, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí mo ti gbé bùtà tí mo ń ṣan ìdí, mo rí i pé omi tó ń ṣàn lọ nílẹ̀ pọ́n. Mo wò ó títí. Lẹ́yìn náà mo bu omi sí i, mo fọ ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní kí ìyá àwọn ọmọ mi má baà rí i. Ẹ̀jẹ̀ ni mo fọ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé àìsàn náà ni mo fọ̀ lọ. Báyìí ni mo ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Mo lọ sí kẹ́míìsì, mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ni jẹ̀díjẹ̀dí ń dà láàmú. Ó fún "ọ̀rẹ́ mi" ní oògùn. Mo lọ bá dókítà kan ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta, ó kọ oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, kò fọwọ́ kàn mí rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú mi dùn pé kò ní kí n bọ́ ṣòkòtò. Àwa méjèèjì la jọ jẹ̀bi.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún náà, Ìyá Rùkáyà ń fọ aṣọ, ó rí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ lára ṣòkòtò mi. Kò bá mi sọ ọ́. Rùkáyà, ọmọ wa obìnrin tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ó pè. Ọmọ náà dé ní ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Bàbá, mo ti gbọ́. Ẹ má bínú sí Màmá. A ò tíì gbàgbé bí Bàbá Àgbà ṣe lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ." Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n. Mo wọ aṣọ mi, mo tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ńlá tí ó mú mi lọ, dókítà kékeré kan wọlé láti yẹ̀ mí wò. Bí ó ti rí mi, ó dọ̀bálẹ̀. Ọmọ tí mo kọ́ ní kéwú ni! Mo ti fi pàṣán nà án rí nítorí pé kò há Súrátùl-Múlìkì sórí. Òun ni yóò wá wo ìhòòhò mi? Mo dìde, mo kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè pe ẹlòmíràn wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé, bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ohun tí òfin kọ̀ yóò di ohun tí òfin gbà, ní ìwọ̀n tó máa gba ẹ̀mí náà là. Àbí fún àwọn ẹlòmíràn nìkan ni ẹ fi kọ́ wa ni, sà?"

Ọwọ́ mi wà lórí ilẹ̀kùn. Mo rántí àpò tí mo yọ kúrò lára ẹ̀gbọ́n mi. Mo padà, mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, mo ká orúnkún mi mọ́ra. Ìka kan ṣoṣo ni, nínú ìbọ̀wọ́, pẹ̀lú nǹkan yíyọ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, kò sì tètè wò mí lójú. Ó ní, "Ààfáà, èyí kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí."

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ wo gbogbo ìfun ńlá mi, wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà lọ fún àyẹ̀wò. Mo tún wọ inú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Èsì dé: jẹjẹrẹ ni. Ó wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà méje sókè láti ojú ìdí. Ó ti wọ inú iṣan ara ìfun, ṣùgbọ́n kò tíì dé ẹ̀dọ̀, kò sì tíì dé fùkùfúkù.

Ọ̀gá wọn, oníṣẹ́ abẹ kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, pe èmi, ìyàwó mi àti Rùkáyà jókòó. Ó fara balẹ̀ ṣe àlàyé bí olùkọ́. Ó ní ní ọdún 1908, oníṣẹ́ abẹ kan ní London tí à ń pè ní Ernest Miles kọ nípa bí a ṣe lè gba iwájú ikùn àti ìdí yọ apá ìparí ìfun yìí pọ̀ mọ́ ihò ìdí fúnra rẹ̀. Ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ṣe é fún yóò máa lo àpò títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1982, Heald ní ìlú Basingstoke, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ọ̀rá tó yí ìfun yìí ká ni ó yẹ kí a yọ pẹ̀lú rẹ̀ lódindi, kí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ọ̀rá náà má ya, nítorí pé inú ọ̀rá yẹn ni irúgbìn jẹjẹrẹ máa ń fara pamọ́ sí. Ìyàwó mi ní, "Bí ẹni ń gbé móínmóín nínú ìkòkò nìyẹn. Bí ewé bá ya, yóò dà nù." Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ó ní láti ìgbà náà ni iṣẹ́ àwọn ti di iṣẹ́ pẹ̀lẹ́, nítorí pé àwọn iṣan tó ń darí ìtọ̀, àti èyí tó ń darí ohun tó wà láàrin tọkọtaya, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá náà ni wọ́n gbà kọjá. Ẹ forí jì mí, àwọn àgbà ló ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù tó bà lé ni lépọ̀n. N kò mọ ọ̀rọ̀ tó tún lè bá iṣẹ́ abẹ yìí mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ó sọ ti ihò kékeré. Ní ọdún 1985, Erich Mühe ní ilẹ̀ Jámánì gba ihò kékeré yọ àpò òróòro. Ní ọdún 1991, Jacobs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Miami, ní Amẹ́ríkà, kọ ìròyìn pé àwọn ti gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gé ìfun ńlá. Àwọn dókítà ń pè é ní laparoscopy. Aláìsàn yóò sùn fọnfọn. Wọn yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn rẹ̀ kí ó lè wú sókè bí àgọ́, kí àyè lè wà láti ṣiṣẹ́. Kámẹ́rà yóò gba ihò kan wọlé, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn yóò gba àwọn ihò yòókù wọlé, oníṣẹ́ abẹ yóò sì máa wo ojú tẹlifíṣọ̀n ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń yọ nínú kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà wọlé ló yàtọ̀. Nítorí pé ojú ọgbẹ́ kéré, ìrora dínkù, aláìsàn a sì tètè dìde.

Mo bi í pé, "Ṣé gbogbo ẹ̀yin dókítà ni ẹ fi ohùn ṣọ̀kan lórí èyí?" Ó ní rárá. Ó ní ní ọdún 2015, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe pẹ̀lú aláìsàn 1,044 ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ fi hàn pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, márùn-ún ni jẹjẹrẹ padà sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lára wọn, ìbáà jẹ́ àwọn tí a la ikùn wọn tàbí àwọn tí a gba ihò kékeré fún. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà, ìwádìí méjì mìíràn, ọ̀kan láti Àríwá Amẹ́ríkà, èkejì láti Australia àti New Zealand, yẹ ohun tí wọ́n gé jáde wò fínnífínní, wọn kò sì rí ẹ̀rí tó tó láti sọ pé ihò kékeré kò rẹlẹ̀ sí ikùn lílà. Ó ní, "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ iṣẹ́ náà ni kí ẹ wá, Ààfáà. Ihò kékeré kò sọ ọwọ́ tí kò mọ iṣẹ́ di ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sì di dandan lójú iṣẹ́, a ó la ikùn yín, kí ẹ fọwọ́ sí ìyẹn náà kí a tó bẹ̀rẹ̀."

Ọkàn mi balẹ̀ sí i nítorí ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo ìlérí lọ. Àwa náà mọ ohun tó ń jẹ́ khiláàfù láàrin àwọn onímọ̀. Onímọ̀ tó bá sọ ibi tí àríyànjiyàn wà fún ọ, òun ni kí o fọkàn tán.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ bi í, òun náà ni èsì rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi di òní. Mo ní, "Bí mo bá ti wá ní oṣù kìíní tí mo rí ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni Gerhard Buess, ní Jámánì náà, ti ṣe ọ̀pá kan tí wọ́n ń ti bọ ojú ìdí, tí wọ́n fi ń ríran yọ kókó tí kò tíì wọlé jìnnà, láìlu ikùn rárá, láìlo àpò. Ó ní, "N kò lè búra pé tiyín ìbá ti rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bóyá." Ẹ̀yin ará mi, "bóyá" yẹn wúwo. Oṣù méje ìtìjú ni mo fi ra ihò márùn-ún, bóyá ńṣe ni mi ò bá má ní ọ̀kankan.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó sínú ilé, mo ń fi ara mi rẹ́rìn-ín. Láti ọdún pípẹ́ ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ kéwú nípa Abul-Qasim al-Zahrawi, oníṣẹ́ abẹ Mùsùlùmí ti ìlú Córdoba ní Andalusia, tí ó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìwé rẹ̀, Al-Tasrif, jẹ́ apá 30. Èyí tó kẹ́yìn dá lórí iṣẹ́ abẹ, ó sì ya àwòrán irin iṣẹ́ bí igba sínú rẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Látìnì, wọ́n sì fi kọ́ iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Mo máa ń fi ọkùnrin yìí yangàn. Mo máa ń sọ pé Mùsùlùmí ló la ọ̀nà yìí fún ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ara mi, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin kankan wò mí. Kí ni àǹfààní ìmọ̀ tí a fi ń yangàn lórí pátákó, tí a kò lè lò nígbà tí a bá dùbúlẹ̀ àìsàn?

Ìtọ́jú náà gùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, mo gba ìtànṣán fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, pẹ̀lú oògùn oníhóró, kí kókó náà lè sunkì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Owó kò kéré. Mo ta ilẹ̀ kan tí mo fẹ́ fi kọ́lé, àwọn òbí ọmọ kéwú sì dá owó láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. N kò lè gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì ọdún náà. Dókítà ní kí n má gbà á, òfin ẹ̀sìn wa sì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, nínú oṣù karùn-ún, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Nígbà tí mo jí, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo fọwọ́ wá ojú ilà ńlá bíi ti ẹ̀gbọ́n mi. N kò rí i. Ihò márùn-ún ni mo bá, wọ́n fi báńdéèjì kékeré bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n fẹ̀ díẹ̀, kò ju ìka ọwọ́ kan lọ ní gígùn, ibẹ̀ ni wọ́n gba yọ ìfun náà. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní kí n dìde rìn. Ní ọjọ́ kẹta mo mu ògì. Ní ọjọ́ keje mo wà nílé. Ẹ̀gbọ́n mi lò ju oṣù kan lọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ṣùgbọ́n àpò wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ikùn mi. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀: níbi tí wọ́n ti so ìfun pọ̀ nísàlẹ̀, ó ní láti sinmi kí ó jiná, nítorí náà ni wọ́n ṣe fa ìfun kékeré síta fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó ń gba ibẹ̀ jáde máa ń ṣàn bí omi, mo sì gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa kí n má baà gbẹ. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi tú àpò náà, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ara mi ni mo ṣe sunkún.

Ọjọ́ Iléyá kò mí nínú àpò yẹn, ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2022. Láti òru ni Èṣù ti ń sọ sí mi lọ́kàn pé kí n jókòó sílé, pé òórùn lè jáde, pé àwọn ènìyàn yóò máa wò mí. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń gbọ́. Mo dìde, mo tú àpò náà dà nù, mo nu ojú rẹ̀ mọ́, mo ṣe àlùwàlá. Ẹ̀yin ará mi, ohun tí ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyí: ẹni tí nǹkan ń jáde lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ó lágbára láti dá a dúró, ẹ̀sìn kò lé e kúrò nídìí ìrun. Kí ó tọ́jú ara rẹ̀ ní ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ, kí ó ṣe àlùwàlá nígbà tí àkókò ìrun bá wọlé, kí ó sì kírun rẹ̀. Bí nǹkan bá tún jáde lórí ìrun, ìrun rẹ̀ dúró. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ìtọ̀ ń ro lára rẹ̀, àti obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ kò dá lára rẹ̀, tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan àpò yìí. Ọ̀rọ̀ alápò kò sì yàtọ̀ sí tiwọn.

Mo dé Yídì, mo dúró ní sàfù tó kẹ́yìn. Dókítà kékeré yẹn, ọmọ kéwú mi, rí mi láti òkèèrè. Ó kúrò níbi tó wà, ó wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó fi èjìká rẹ̀ kan èjìká mi gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ ọ. Kò sọ nǹkan kan. A kírun.

Nínú oṣù kẹsàn-án wọ́n dá ìfun náà padà sínú, wọ́n sì rán ojú ibẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí. Mo ń lọ fún àyẹ̀wò ní àsìkò tí wọ́n dá fún mi, a kò sì tíì rí i kí ó padà wá, àlùhámúdùlíláì. N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan ti rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo máa ń wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ju bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin àsùbáà àti àyìlá, àwọn ọmọ kéwú mi sì ti mọ̀ pé bí Ààfáà bá dìde lójijì, kí wọ́n máa ka wálà wọn lọ. Àwọn tó dàgbà nínú wọn ní ihò márùn-ún ìrun márùn-ún ni Ààfáà ní. Mo jẹ́ kí wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a bá ń rẹ́rìn-ín sí ní gbangba, kò lè fi ìtìjú pa wá mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí mo tìtorí rẹ̀ gbé kálàmù nìyí. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìdí ni jẹjẹrẹ. Jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àgbo kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí o bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ, bí ìgbẹ́ rẹ bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ó bá ń ṣe ọ́ bí ẹni pé o kò tíì ṣe tán nígbà tí o ti ṣe tán, bí o bá ń rù láìnídìí, lọ bá dókítà. Bí kò bá yẹ ìdí rẹ wò, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ má sì sọ pé àgbà nìkan ló ń ṣe. Àwọn dókítà ń rí i lára ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá rí dókítà obìnrin, ó dára. Bí kò bá sí, kí ìyá tàbí ọkọ yín jókòó tì yín, kí dókítà ọkùnrin ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ́mọ́mù àti ààfáà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí míńbárì. Ẹ tún wá àwọn alápò lọ sílé, kí ẹ sọ fún wọn pé àyè wọn wà ní sàfù.

Àwọn dókítà ní àwọn ọmọ mi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ fi kámẹ́rà wo ìfun wọn bí wọ́n bá ti pé ọmọ ogójì ọdún, kódà bí nǹkan kan kò bá ṣe wọ́n, nítorí pé ó ti hàn nínú ẹbí. Bí wọ́n bá rí kókó kékeré tí kò tíì di jẹjẹrẹ, rọ́bà tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ yẹn náà ni wọn yóò fi gé e kúrò. Kò sí abẹ, kò sí àpò, kò sí ihò kankan. Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi ti pé ogójì. Ojú ń tì í. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó síta, mo ń ka tẹ̀sùbáà. Nígbà tí ó jáde, ó ní, "Bàbá, wọ́n rí méjì, wọ́n sì ti gé méjèèjì."

Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó ṣàánú àwọn tó ti lọ, kí Ó má sì jẹ́ kí ìtìjú pa wá. Àmín.